Páwà páàkì àti bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà: wáyà wo ló ń lọ síbo?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú ìdérí àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìdì wáyà tó ti inú páwà páàkì (àpótí irin tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) jáde ló máa ń dẹ́rù bà á ju bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) lọ. Wáyà pupa, yẹ́lò, dúdú, orí kan tóbi, òmíràn kéré, àwọn kan sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lè ṣì wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìlọrin, tòkunbọ̀ là ń lò: èyí tó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Táńkè, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ọ̀fà, èyí tí Alfa fi ń tẹ ìwé ìpè nìkáà àti ti ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ tí páwà páàkì rẹ̀ bá jó, ẹ ó ra òmíràn lójú ọ̀nà Táíwò, ẹni tó tà á yóò wé e sínú ọ̀rá, yóò ní, "Ẹ lọ so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, ibi tó bá ti wọ̀ náà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́. Ibi tí kò ti jóòótọ́ ló máa ń jó bọ́ọ̀dù.

Àwọn tó ṣe orí wáyà wọ̀nyí mọ̀ pé èèyàn yóò ṣi nǹkan so. Ẹ wo ojú ihò náà dáadáa: òmíràn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gé igun èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí orí tí kì í ṣe tirẹ̀ má baà ráyè wọlé. Nítorí náà, èyí tó bá kọ̀, ẹ má fipá tì í. Kì í ṣe ibẹ̀ ló ń lọ, tàbí kó jẹ́ pé ẹ ti yí i sódì. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń fi tiwọn kún un, wọ́n á ní èyí tó bá ti wọlé ti tọ̀nà. Rárá o. Àwọn ibì kan wà tí orí wáyà yóò wọlé wẹ́rẹ́, tí iná tó gbé wá yóò sì jẹ́ májèlé fún ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa tọ́ka sí bí a bá ṣe ń lọ.

Iná tó ń gba wáyà IBEDC wọ ilé wa jẹ́ AC, iná tó ń yí ọ̀nà padà léraléra, nǹkan bíi fóòtì 230. Kò sí ohun kan lórí bọ́ọ̀dù tó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ kó má kú. Páwà páàkì ló ń sọ ọ́ di DC, iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tó ń pín in sí oríṣi mẹ́ta: fóòtì 12, fóòtì 5 àti fóòtì 3.3. Fóòtì 12 ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mu iná jù, ìyẹn pùrósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, káàdì graphics tó ń gbé àwòrán sójú sìkíríìnì, fáànù àti mọ́tò tó ń yí háàdì díìsìkì. Fóòtì 5 ni ti USB àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, 3.3 ni ti àwọn ṣíìpù kéékèèké. Àwọ̀ wáyà ni ẹ ó fi mọ̀ wọ́n. Yẹ́lò ni 12, pupa ni 5, aláwọ̀ ọsàn ni 3.3, dúdú sì ni ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà padà. Àwọn páwà páàkì kan wà lóde báyìí tí gbogbo wáyà wọn dúdú nítorí oge. Ti irú wọn, orí wáyà àti ohun tí wọ́n kọ sí i lára nìkan lẹ lè wò.

Ilé iṣẹ́ Intel ló gbé ìlànà ATX jáde ní 1995, òun ló sọ bí orí wáyà yóò ṣe rí àti iná tí píìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin tín-ín-rín inú orí wáyà, yóò gbé. Kó tó dé, orí wáyà méjì tó jọra ló ń lọ sórí bọ́ọ̀dù, wọ́n sì lè gbapò ara wọn. Àwọn ẹ̀ńjíníà ìgbà náà a máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó rí i pé wáyà dúdú pàdé wáyà dúdú láàárín. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbàgbé, bọ́ọ̀dù oníbàárà ló máa fi kọ́gbọ́n.

Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ yí ẹ̀yìn páwà páàkì wò. Bí ẹ bá rí súwíìsì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ní Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni iná ilé wọn, kọ̀ǹpútà tó sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá lè wà lórí 115 títí tó fi dé ọwọ́ yín. Bó bá wà níbẹ̀ tí ẹ so ó mọ́ iná wa, "gbòà!" lẹ máa gbọ́, èéfín á sì tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí súwíìsì bá wà lórí 115, páwà páàkì máa ń kọ́kọ́ sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì kó tó máa lò ó. Ti Amẹ́ríkà tó bá di ìlọ́po méjì kò ní wàhálà, nítorí ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Tiwa tó bá di ìlọ́po méjì á lé ní fóòtì 600, bẹ́ẹ̀ àwọn kapásítọ̀ ńlá méjì tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú rẹ̀, nǹkan bíi fóòtì 200 ni wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti gbà. Wọ́n á bẹ́ ni. Bó bá jẹ́ òdìkejì ni, tí súwíìsì wà lórí 230 níbi tí iná ti jẹ́ 120, kọ̀ǹpútà kàn máa kọ̀ láti tàn ni, kò sí ohun tó máa bàjẹ́.

Tòkunbọ̀ tó ti ìlú Ọba tàbí Jámánì wá kò ní ìṣòro yìí, torí iná wọn bá tiwa mu. Bí kò bá sì sí súwíìsì kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka bébà tó wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 100–240 sí mọ bó ṣe máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe yí súwíìsì yìí nígbà tí wáyà bá wà lára ògiri, kódà bí NEPA bá ti mú iná lọ. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n máa dá a padà?

Ó yá, ká wá sórí wáyà. Èyí tó tóbi jù ni onípíìnì 24, ìlà méjì, méjìlá méjìlá. Òun ló ń gbé gbogbo oríṣi iná tí mo dárúkọ lọ sórí bọ́ọ̀dù. Ogún píìnì ló ní ní ìbẹ̀rẹ̀. 2003 ni wọ́n fi mẹ́rin kún un, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ṣeé yà sí méjì, 20 lọ́tọ̀, 4 lọ́tọ̀. Bí ihò 24 ló wà lórí bọ́ọ̀dù, ẹ pa méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó tì í wọlé. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó ní 20, ẹ jẹ́ kí mẹ́rin yẹn máa rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkọ́ kan wà lára orí wáyà, ètè kékeré kan sì wà lára ihò. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì máa gbọ́ ọ tó bá dún "kọ̀" nígbà tó bá di ara wọn mú. Ó máa ń le díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé etí bọ́ọ̀dù ró kó má tẹ̀, kí ẹ fi èkejì tì í gbọọrọ, láì mì í sọ́tùn-ún sósì.

Pànpẹ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Mẹ́rin tó yà kúrò lára 24 yẹn jọ orí wáyà onípíìnì 4 tó ń lọ sọ́dọ̀ pùrósẹ́sọ̀. Mo ti rí ibi tí èèyàn ti fipá kì í bọ ibẹ̀. Àwọ̀ ni kí ẹ wò. Mẹ́rin tó jẹ́ ara 24 ní yẹ́lò kan, pupa kan, aláwọ̀ ọsàn kan, dúdú kan. Ti pùrósẹ́sọ̀ ní yẹ́lò méjì àti dúdú méjì, kò sí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí nìkan ti kúrò nínú ewu tó pọ̀.

Orí wáyà ti pùrósẹ́sọ̀ yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ó jẹbi díẹ̀ náà ni, nítorí igun òkè ọwọ́ òsì bọ́ọ̀dù ló sábà máa ń wà, láàárín fáànù àti ara àpótí, níbi tí ọwọ́ kò ti fẹ́ dé. Kí wọ́n tó ṣe é, ọ̀dọ̀ orí wáyà ńlá ni pùrósẹ́sọ̀ ti ń gba iná tirẹ̀, ìyẹn fóòtì 5 tàbí 3.3. Nígbà tí pùrósẹ́sọ̀ Intel tó ń jẹ́ Pentium 4 dé ní 2000, iná tó ń mu ti pọ̀ ju ohun tí ọ̀nà yẹn lè gbé lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí pùrósẹ́sọ̀ bá ń mu wáàtì 120, tí ẹ bá fi fóòtì 5 gbé e fún un, áńpù 24 gbọ́dọ̀ gba inú wáyà kọjá. Tí ẹ bá fi fóòtì 12 gbé e, áńpù 10 péré ni. Bí áńpù bá pọ̀ nínú wáyà tín-ín-rín, wáyà á gbóná, orí rẹ̀ á yọ́. Wọ́n wá ya fóòtì 12 sọ́tọ̀ fún un, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó yí pùrósẹ́sọ̀ ká lórí bọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́ di nǹkan bíi fóòtì kan tó ń lò gan-an.

Nítorí náà, bí ẹ bá so 24 tán tí ẹ gbàgbé èyí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lè rú yín lójú. Iná á tàn lára bọ́ọ̀dù, fáànù lè máa yí, gbogbo rẹ̀ á dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní sí nǹkan kan lójú sìkíríìnì. Pùrósẹ́sọ̀ kò rí iná gbà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti sọ fún oníbàárà pé ó ti kú ló jẹ́ pé orí wáyà yìí ni kò sí lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, fáànù ń yí, sìkíríìnì dúdú," ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Àbúrò, èyí tó wà nígun lókè ńkọ́?"

Lóde òní, ihò onípíìnì 8 ló wà níbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, orí tó sì ń bọ̀ láti páwà páàkì sábà máa ń ṣeé yà sí 4 àti 4. Bí bọ́ọ̀dù bá ní 8 tí páwà páàkì yín sì ní 4 péré, pùrósẹ́sọ̀ tí kò mu iná púpọ̀ á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù. Ẹ tì í wọ ìdajì ihò tó bá igun rẹ̀ mu. Pùrósẹ́sọ̀ ńlá ni n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi mẹ́rin tì í.

Pànpẹ́ kejì rèé: orí onípíìnì 8 mìíràn wà tó jẹ́ ti káàdì graphics. Ojú lásán lè pè é ní ọ̀kan náà pẹ̀lú ti pùrósẹ́sọ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí fóòtì 12 wà nínú ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀nà ìpadà wà nínú èkejì. Bí wọ́n bá gbapò ara wọn, iná pàdé iná nìyẹn. Igun wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè wọlé síra wọn, ṣùgbọ́n orí wáyà tó jẹ́ gbàrọgùdù lè gbà fún ẹni tó bá lágbára. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yà: ti pùrósẹ́sọ̀ máa ń yà sí 4 àti 4, ti káàdì máa ń yà sí 6 àti 2. Ẹ tún lè ka wáyà. Ti pùrósẹ́sọ̀, yẹ́lò mẹ́rin, dúdú mẹ́rin. Ti káàdì, yẹ́lò mẹ́ta, dúdú márùn-ún. Àwọn tó níyì lára àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ CPU sára ti pùrósẹ́sọ̀, wọ́n á kọ PCI-E sára ti káàdì.

Káàdì graphics fúnra rẹ̀ kò gba àlàyé gígùn. Ihò tó jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù lè fún un ní wáàtì 75. Onípíìnì 6 á fi 75 kún un, onípíìnì 8 á fi 150 kún un. Káàdì tó bá ní ihò iná lórí, ẹ gbọ́dọ̀ dí gbogbo rẹ̀. Orí wáyà onípíìnì 16 tó jáde ní 2022 lè gbé tó wáàtì 600, òun ló ń yọ́ lára àwọn káàdì RTX 4090 kan lọ́dún náà nígbà tí kò bá wọlé tán. Wọ́n tún un ṣe ní 2023. Kò wọ́pọ̀ ládùúgbò wa, àmọ́ bí ẹ bá ní i, ẹ tì í dé ìdí.

Wàyí o, ohun tó ń rú èèyàn lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: kí ló dé tí iná fi tàn lára bọ́ọ̀dù nígbà tí a ò tíì tẹ nǹkan kan? Kí sì ló dé tí páwà páàkì tí a gbé kalẹ̀ lásán, tí a so mọ́ iná, kì í yí rárá, tí a ó rò pé ó ti bàjẹ́?

Nínú 24 yẹn, wáyà mẹ́ta kan wà tí olórí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti jẹ́ kí bọ́ọ̀dù àti páwà páàkì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó jẹ́ elésè àlùkò ń gbé fóòtì 5 kékeré kan tí kì í kú níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára ògiri tí súwíìsì ẹ̀yìn sì wà ní títàn. Ọlọ́dẹ tí kì í sùn ni; òun ló ń mú kí bọ́ọ̀dù wà lójúfò kó lè mọ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Òun náà ló ń tan iná kékeré tí ẹ ń rí. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé ni àṣẹ. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, bọ́ọ̀dù á so wáyà aláwọ̀ ewé yìí pọ̀ mọ́ dúdú, páwà páàkì á wá mọ̀ pé kóun máa tú fóòtì 12 àti àwọn yòókù jáde. Láìsí àṣẹ yẹn, kò ní ṣe nǹkan kan, bó ti wù kó lera tó. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ eérú ni ìdáhùn. Páwà páàkì á dúró kí fóòtì rẹ̀ gbogbo fìdí múlẹ̀ ná, láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá sí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kó tó fi wáyà yìí sọ fún bọ́ọ̀dù pé òun ti ṣetán. Bí bọ́ọ̀dù kò bá gbọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí pùrósẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó bá mọ ti mẹ́ta yìí lè fojú ara rẹ̀ wá ibi tí àìsàn wà. Bí kò bá sí iná kankan lára bọ́ọ̀dù tó yẹ kó ní in, elésè àlùkò kò dé ibẹ̀: ẹ wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ẹ wo wáyà dúdú tó ń lọ sẹ́yìn, ẹ wo súwíìsì tó ní O àti I. Bí iná bá wà àmọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnì tí kò gbọ́, ó lè jẹ́ wáyà bọ́tìnì fúnra rẹ̀ ni kò sí níbi tó yẹ. Wáyà tín-ín-rín méjì ni, ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún bọ́ọ̀dù ni ihò rẹ̀ sábà máa ń wà, láàárín ti iná kékeré iwájú àpótí àti ti bọ́tìnì ìtúntàn. Ti bọ́tìnì kò ní ọ̀tún tàbí òsì, bó ṣe wù yín ni kí ẹ ṣe tì í wọlé. Ti iná kékeré nìkan ló ní. Bí ẹ bá yí i sódì, kò ní tàn, kò sì ní ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá fura sí bọ́tìnì, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kí ẹ fi ẹnu sukuudíráfà kan píìnì méjèèjì yẹn pọ̀ fìrí. Bó bá tàn, bọ́tìnì lẹ máa tún ṣe.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá páwà páàkì ṣì wà láàyè, ẹ yọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ẹ fi irin tín-ín-rín so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú èyíkéyìí nínú orí 24. Ẹ wá tan án. Fáànù rẹ̀ yẹ kó yí. Ẹ má tan ara yín o: pé ó yí kò fi hàn pé ara rẹ̀ dá. Mítà nìkan ló lè sọ ìyẹn. Fóòtì 12 kò gbọdọ̀ kéré sí 11.4, kò gbọdọ̀ kọjá 12.6, fóòtì 5 kò gbọdọ̀ jáde kúrò láàárín 4.75 àti 5.25.

Gbogbo èyí tí mo ń sọ bá ATX mu. Wàhálà àwa tí à ń lo tòkunbọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó wọlé kì í ṣe ATX. Dell OptiPlex 7020 àti 9020 ní orí onípíìnì 8 níbi tí ẹ ti ń retí 24. HP EliteDesk 800 G1 ní onípíìnì 6. Ọ̀pọ̀ Lenovo ThinkCentre ní 14. Lórí irú wọn, kìkì fóòtì 12 tàbí èyí tó sún mọ́ ọn ni páwà páàkì ń gbé wá, bọ́ọ̀dù ló ń ṣe 5 àti 3.3 fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí iná háàdì díìsìkì náà fi ń ti orí bọ́ọ̀dù jáde dípò kó ti inú páwà páàkì wá. Bí tirẹ̀ bá jó, ẹ ní ọ̀nà méjì: ẹ wá irú tirẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ ra ATX pẹ̀lú wáyà tó ń sọ 24 di 8, 6 tàbí 14. Wáyà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti orúkọ kọ̀ǹpútà yín, kì í ṣe èyí tó kàn jọ ọ́. Ẹ gbé páwà páàkì tó jó náà dání lọ sí ọjà. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọlọ́jà máa ra èyí tí kò bá a mu wálé.

Dell ti ìgbà kan burú ju ìyẹn lọ. Láti nǹkan bíi 1998 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2000 sókè, wọ́n lo orí wáyà onípíìnì 20 tó rí bíi ti ATX gẹ́lẹ́, tí iná inú rẹ̀ sì wà ní ipò mìíràn. ATX tó péye wọ inú rẹ̀ láì janpata, ó sì pa bọ́ọ̀dù. Bóyá ẹ kò ní pàdé rẹ̀ mọ́, àfi bí ilé ìwé kan bá ṣí yàrá tí wọ́n ti tì pa fúngbà pípẹ́.

Èyí tó wà lóde báyìí tó jọ ọ́ ni páwà páàkì tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sórí bọ́ọ̀dù bá ìlànà mu. Ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sínú páwà páàkì fúnra rẹ̀ kò ní ìlànà kankan. Bó ṣe wu olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀, nígbà mìíràn ilé iṣẹ́ kan náà máa ń yí i padà láti ọdún kan sí òmíràn. Wáyà ti ọ̀kan á wọ òmíràn, á dún "kọ̀", ibi tí ẹ ti ń retí fóòtì 5 á sì gba 12. Háàdì díìsìkì ló sábà máa ń fara gbá a, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń yá wáyà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kó ra èyí tí wáyà rẹ̀ kì í yọ. Kò lẹ́wà, àmọ́ kò lè purọ́ fún un.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀ gbọ́ lásán. Ẹ wá ìlà 12V lórí bébà rẹ̀, kí ẹ fi áńpù rẹ̀ lọ́nà 12. Èyí tí wọ́n kọ 500 sí, tí ìlà 12V rẹ̀ jẹ́ áńpù 18, wáàtì 216 ló lè fún pùrósẹ́sọ̀ àti káàdì graphics. Ẹ̀yin tó ń lo ínfátà náà, ẹ kíyè sí i: páwà páàkì tí wọ́n kọ "Active PFC" sí kò bá gbogbo ínfátà rẹ́. Bó bá ń kú lójijì nígbà tí NEPA bá lọ, tí kì í sì í kú nígbà tí iná bá wà, ẹ yẹ ínfátà wò kí ẹ tó dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi.

Ìgbà ọyẹ́ ní Ìlọrin, tí ètè ń sán tí kápẹ́ẹ̀tì ń ta èèyàn lọ́wọ́, iná tó wà lára yín fúnra yín tó ẹgbẹ̀rún mélòó kan fóòtì. Kò lè pa yín, àmọ́ ó lè pa ṣíìpù. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtàn lẹ́ẹ̀kan kí iná tó ṣẹ́ kù lórí bọ́ọ̀dù tán, ẹ fọwọ́ kan irin àpótí tí kò ní ọ̀dà lára, kí ẹ tó kan bọ́ọ̀dù. Páwà páàkì fúnra rẹ̀, ẹ má tú u. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, iná yẹn sì lè pa èèyàn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má so gbogbo nǹkan. Bọ́ọ̀dù, pùrósẹ́sọ̀ pẹ̀lú fáànù rẹ̀, rámù (ìrántí kọ̀ǹpútà) kan, 24 àti ti pùrósẹ́sọ̀, ó tó. Bí bọ́ọ̀dù kò bá ní ihò sìkíríìnì tirẹ̀, ẹ fi káàdì graphics kún un. Bí fáànù bá ta kìjí tó sì dúró lójú ẹsẹ̀, páwà páàkì ti rí i pé iná pàdé níbì kan, ó sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan má jó. Ẹ má máa tẹ bọ́tìnì ṣáá. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ẹ wo abẹ́ bọ́ọ̀dù bóyá súkúrù kan já sílẹ̀ tó kan án, ẹ yọ orí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tún ka àwọ̀ rẹ̀. Bó bá ti dúró ṣinṣin, ẹ máa dá àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa pa iná pátápátá kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Èyí tí ẹ fi kún un tó wá kú ni kí ẹ gbé lọ bá ẹ̀ńjíníà, kì í ṣe gbogbo àpótí.